Ibi Tí Ojú Irin Parí Sí: Àgbéyẹ̀wò Ọkọ̀ Rélùwéè Tó Kọ Lu Ìdènà

Ifọ̀ ti mọ rélùwéè kí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà tó mọ mọ́tò. Ọdún 1896 ni àwọn òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti etí ọ̀sà Èkó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nígbà tó sì fi di oṣù kẹta ọdún 1901, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni irin yà ní Ifọ̀, tí ẹ̀ka kan gba Ìláròó lọ sí Ìdògo láti máa kó irè oko àwọn ará Yewa wá. Ìdògo ni ẹ̀ka náà parí sí. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ kò ti gba ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa bá fẹ́ mọ ohun tí òpin ojú irin jẹ́, kò di dandan kó wá a dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ní báyìí, òpin mìíràn ti sún mọ́ wa. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó èrò láàárín Àgbàdo àti Ọyìngbò, kìlómítà 27. Ẹnu ààlà ni Àgbàdo yìí, Èkó lápá kan, Ògùn lápá kejì. Ará Ìbógùn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yàbá lè gba Ifọ̀ àti Sàngó já síbẹ̀, kó wọkọ̀ ojú irin, kó sì bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Blue Line ń rìn láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Papalantó, ń gbé èrò láti Alágomeji dé Mónìyà ní Ìbàdàn, kìlómítà 157, láti ọdún 2021. Ọ̀nà mẹ́ta, òpin mẹ́fà. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rìn, awakọ̀ kan á máa sún mọ́ ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á máa dín eré kù, àwọn èrò á sì ti máa dìde.

Bí kò bá wá lè dúró ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò tó ohun tí ìwé ìròyìn ń gbé. Orí ọkọ̀ á gbá ìdènà tó wà lópin irin, gíláàsì á fọ́, ẹni tó dúró á ṣubú lu ẹni tó jókòó, ẹnì kan á fi orí gbá ọ̀pá, wọn á tún irin tó tẹ̀ ṣe, ọkọ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí pé kò pa ẹnikẹ́ni, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi kò rò pé ó yẹ ká máa gbàgbé rẹ̀. Bí a bá tò ó jọ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ìkọlù kéékèèké wọ̀nyí ló ń sọ ohun tí a kò mọ̀ nípa awakọ̀, nípa bíréèkì àti nípa ìdènà fúnra rẹ̀, kí èyí tó máa pààyàn tó dé.

Ká kọ́kọ́ wo ìdènà náà. Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni irin tí wọ́n tẹ̀ sókè, tí wọ́n sì de igi gbọọrọ mọ́ lóríṣiríṣi. Òkìtì iyanrìn wà, ògiri kọnkéré wà. Àwọn tó ṣeé gbára lé jù ni èyí tó ní páìpù òróró nínú, tó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá tì í, àti èyí tó di ojú irin mú gírígírí, tó sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ sẹ́yìn fún mítà bíi mélòó kan. Gbogbo ohun tó ya ìdènà tó dára sọ́tọ̀ kò ju pé ó fún ọkọ̀ láyè láti dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ ní eré kìlómítà 10 ní wákàtí kan, eré ẹni tó ń sáré jẹ́jẹ́. Bí ìdènà bá dá a dúró láàárín ààbọ̀ mítà, agbára tó máa ti èrò síwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ohun tó bá já bọ́. Kò sẹ́ni tó dúró tí kò ní ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ìdènà bá yọ̀ sẹ́yìn fún mítà márùn-ún, agbára náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Èrò á kàn mì, bí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lọ́nà tó yẹ.

Eré ló wá ń tàn wá jẹ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ìdènà ní láti gbà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀nà kan wà láti fojú inú wo èyí: kíkọ lu ohun tí kò mì ní kìlómítà 10 dà bíi pé èèyàn bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpótí ìjókòó, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40. Ní kìlómítà 20, ó ti ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ní 30, ó ti tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín 20 àti 30; méjèèjì ló máa rí bí ọkọ̀ tó ti fẹ́ dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ Cannon Street ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1991. Láti ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ìlú náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, ni ọkọ̀ ti ń wọ ibẹ̀ láràárọ̀. Eré tí ọkọ̀ náà fi kọ lu ìdènà kò ju nǹkan bí kìlómítà 16 ní wákàtí kan lọ, ìdènà ọ̀hún sì jẹ́ ti òróró. Síbẹ̀ èèyàn méjì kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì fara pa. Kí ló fà á? Kóòṣì àtijọ́ ni wọ́n ń lò, tí irin ara wọn kò lè gba ìkọlù mọ́ra. Èyí tó kan àwa jù ni ìkejì: àwọn èrò ti dìde. Wọ́n ti kóra jọ síbi ilẹ̀kùn, wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ tẹsẹ̀ dúró kí wọ́n lè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ìwà yìí pọ̀ lọ́wọ́ wa ju tiwọn lọ. Ẹni tó bá rántí ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Ìjòkó lọ sí Ìddó àti Apápá mọ bí ó ṣe rí: àwọn kan lórí òrùlé, àwọn kan tí wọ́n fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ kò sì tíì wọ ibùdókọ̀ tán tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti gbé igbá rù. Red Line ní ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ òrùlé ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ìdìde kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọdékùnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ jà pé kó jẹ́ kí òun jókòó, ìyá náà sì ń fà á sókè torí pé Ọyìngbò ti ń hàn lókèèrè.

Àpẹẹrẹ tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ ìdìde yìí wà ní Buenos Aires, olú ìlú Argentina. Ní àárọ̀ ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2012, ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, tó kó èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ ibùdókọ̀ Once, ó sì kọ lu ìdènà ní eré tí kò pé kìlómítà 30. Kóòṣì kejì wọ inú ti àkọ́kọ́ fún mítà bíi mélòó kan. Inú kóòṣì iwájú ni ọ̀pọ̀ èrò ti kóra jọ sí, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde jù. Èèyàn 51 kú, àwọn tó fara pa lé ní 700. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún awakọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó tún dẹ́bi fún àwọn olórí iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ àti àwọn tó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba lórí ètò ìrìnnà, nítorí owó ìtọ́jú ọkọ̀ tí kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Ìdájọ́ yẹn ṣọ̀wọ́n. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn ará àtijọ́ ló wí bẹ́ẹ̀, ìka awakọ̀ ló sì máa ń yá wa lára láti gé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1895, ọkọ̀ tó ń ti Granville bọ̀ wọ ibùdókọ̀ Montparnasse ní Paris pẹ̀lú eré àṣejù. Ó ti pẹ́ díẹ̀, awakọ̀ sì fẹ́ fi eré bo àkókò náà. Ẹ́ńjìnì já ìdènà kọjá, ó la gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ já, ó lu ògiri iwájú, ó sì fi imú gún títì tó wà nísàlẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ló wà káàkiri ayé títí dòní. Ọ̀pọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí i kò mọ̀ pé ògiri tó wó pa obìnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn nísàlẹ̀, òun nìkan ló sì kú. Owó ìtanràn 50 francs ni wọ́n bu lé awakọ̀ lórí. Bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, òun fúnra rẹ̀ sì pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi sílẹ̀ pé kí èèyàn kan ṣoṣo, pẹ̀lú aago tó ń lé e, jẹ́ gbogbo ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti títì?

Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀, oorun ló sì tún gbé e dìde. Ní Chicago, ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2014, ọkọ̀ kan wọ ibùdókọ̀ pápákọ̀ òfurufú O'Hare, ó gun ìdènà, ó sì gun orí àtẹ̀gùn tó ń fi iná rìn. Awakọ̀ ti sùn lọ. Kò ju oṣù kan lọ ṣáájú ìyẹn tó ti sùn lọ bẹ́ẹ̀ tó fi kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí ní ibùdókọ̀ mìíràn. Àṣìṣe kékeré ti ṣẹlẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì tún gbé e síbi iṣẹ́ òru. Ìwádìí tún fi hàn pé ẹ̀rọ tó yẹ kó fipá tẹ bíréèkì sún mọ́ òpin irin jù fún eré tí wọ́n fàyè gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni wọ́n tó dín eré kù, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ó kan Hoboken ní New Jersey. Ọkọ̀ ń rìn ní nǹkan bí kìlómítà 13 ní wákàtí kan, bó ṣe yẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, eré rẹ̀ gbéra, ó di nǹkan bí 34. Obìnrin kan tó dúró sórí pèpéle kú, èèyàn tó lé ní 100 fara pa. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2017, tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ ní Brooklyn, ní ibùdókọ̀ Atlantic Terminal. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fara pa tún lé ní 100. Àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà rí i pé àìsàn kan náà ló ń bá awakọ̀ méjèèjì jà: èémí wọn máa ń dá dúró lójú oorun lóru, wọn kì í sinmi dáadáa, àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ní i. Wọ́n jí, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, ara wọn kò jí. Ẹni tó ń hanrun kíkan ní ilé wa, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ó yẹ kí dókítà yẹ gbogbo awakọ̀ ojú irin wò fún èyí kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń yẹ ojú rẹ̀ wò.

Enfield Town, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, náà kò jìnnà sí èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ọkọ̀ àárọ̀ kan gun orí ìdènà níbẹ̀, tó fi dà bíi pé ó fẹ́ jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó fara pa púpọ̀. Àwọn olùṣèwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ àti oògùn olóró ti dí ọkàn awakọ̀ lọ́wọ́.

Egypt ló sún mọ́ wa jù nínú gbogbo èyí tó burú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2019, ní ibùdókọ̀ Ramses ní Cairo, ẹ́ńjìnì kan tí kò ní awakọ̀ nínú sáré wọlé, ó kọ lu ìdènà, epo rẹ̀ gbaná. Èèyàn tó lé ní 20 ló jóná kú, àwọn tó kàn ń kọjá lórí pèpéle. Awakọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti lọ bá awakọ̀ mìíràn ṣe gbólóhùn asọ̀, kò sì fi bíréèkì sí i. Ó ṣòro fún mi láti ka èyí tán láì ronú nípa àwọn awakọ̀ dánfó wa tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ara wọn jà láàárín títì, ẹ́ńjìnì ń dún lẹ́yìn wọn.

Kì í sì í ṣe ẹ̀bi èèyàn ní gbogbo ìgbà. Ní Chester, ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, awakọ̀ tẹ bíréèkì, taya irin sì dúró, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ. Ìdọ̀tí àti omi ti mú orí irin yọ̀. Ọkọ̀ gun ìdènà títí dé orí pèpéle. Ní Spijkenisse ní ilẹ̀ Netherlands, ní kété tí òru ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2020 bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan fọ́ ìdènà kọjá lórí afárá tó ga tó mítà bíi mẹ́wàá, ó yẹ kó já sínú omi. Ère ìrù ẹja àbùùbùtán tí oníṣẹ́ ọnà kan gbé síbẹ̀ láti ọdún 2002 ló gbé e dúró lófuurufú. Kò sí èrò nínú rẹ̀, awakọ̀ sì jáde láàyè. Inú mi dùn sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹnjiníà kankan kò lè fi ère sínú ètò rẹ̀.

Nǹkan tí wọ́n lè fi sí i wà, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1975, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan wọ Moorgate ní Lọ́ńdọ̀nù láì dín eré kù rárá, ó la iyanrìn àti ìdènà já, ó sì lu ògiri tó wà ní ìdí ihò náà. Èèyàn 43 kú. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ohun tó ṣe awakọ̀. Dípò kí wọ́n máa wá inú ọkàn òkú kiri, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tọ́jú ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ irin ní àwọn ibùdókọ̀ tí ọ̀nà ti dí: ọkọ̀ tó bá sáré ju bó ṣe yẹ lọ níbi kan pàtó, ẹ̀rọ náà á ja bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀, awakọ̀ ì báà sùn, ì báà kú. Ó yani lẹ́nu pé Amẹ́ríkà, tó fi owó ńlá ra ẹ̀rọ tó ń fipá dá ọkọ̀ dúró, yọ òpin irin ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá kúrò lábẹ́ òfin náà. Abẹ́ àyọkúrò yẹn ni Hoboken àti Brooklyn bọ́ sí.

Ní tiwa, òfin ti sún síwájú ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Òfin ọdún 2022 sọ àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú di NSIB, ó sì fún un lágbára lórí rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọkọ̀ Abuja sí Kaduna yẹ̀ kúrò lójú irin ní Asham ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ náà ló ṣèwádìí. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí ìyẹn. Kí gbogbo iléeṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, ti Èkó àti ti àpapọ̀, máa kọ ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá kan ìdènà tàbí tó bá kọjá àmì ìdúró sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí NSIB, ì báà jẹ́ pé gíláàsì kan ṣoṣo ló fọ́. Kí awakọ̀ tó bá jẹ́wọ́ má pàdánù iṣẹ́ nítorí ìjẹ́wọ́, àfi bó bá jẹ́ ìwà ọ̀daràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí a bá ń lé awakọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fi imú kan igi, ohun tí a máa kọ́ wọn kò ju bí wọ́n ṣe máa kun ọ̀dà lé ojú egbò lọ.

Àgbàdo ní ìṣòro tirẹ̀. Red Line dúró níbẹ̀, irin kò dúró. Ó ń bá a lọ sí Kájọlà, Papalantó àti Abẹ́òkúta. Ibi tí èrò Red Line ń pè ní òpin jẹ́ àárín ọ̀nà fún ọkọ̀ Ìbàdàn. Nítorí náà, kì í ṣe igi tàbí òróró ló máa dá ọkọ̀ tó bá ṣi ìdúró padà, àmì iná àti ẹni tó ń darí rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó bá sì kọjá àmì níbẹ̀ lè bá ọkọ̀ mìíràn pàdé, ìyẹn sì burú ju kó bá ìdènà pàdé lọ. Ètò tó ń fipá tẹ bíréèkì wúlò ní Àgbàdo ju ìdènà èyíkéyìí lọ.

Ibòmíràn, òpin ìgbà díẹ̀ ló wà. Mile 2 kọ́ ni Blue Line ń lọ, Òkókómáíkò ni. Láti ìgbà tí àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti oṣù kẹta ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti kọ́ ojú irin tiwọn, ìpínlẹ̀ Ògùn náà lè la tirẹ̀ bí owó bá wà, irú òpin ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ìdènà tí kò tó nǹkan ti máa ń wà, torí àwọn tó kọ́ ọ gbà pé àwọn máa tú u láìpẹ́. Ìṣirò tó bá a mu kò le: bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó nígbà tó bá kún, eré tó ga jù tó lè fi wọlé, mítà tí ìdènà lè fi yọ̀ sẹ́yìn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ tó wà ní Ìbógùn lè ṣe é tán ní ọ̀sán kan. Ó yẹ kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ìdènà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, níbi tí awakọ̀ àti èrò ti lè kà á.